Ọkùnrin Tó Ní Wọ́n Ti Fọwọ́ Sí I: Bí Àbúrò Mi Ṣe Kọ́kọ́ Béèrè fún Káàdì Àwìn

Alẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà tú síta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ń fi kún un fún bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, bí nǹkan ṣe ń yọjú. Ìwé owó ni mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́ mi. Ó ti mọ́ mi lára pé bí owó bá sọnù, bírò ni mo máa ń kọ́kọ́ mú kí n tó bínú: kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, aago mélòó ni, ta ló sọ kí ni? Àbúrò mi obìnrin jókòó síwájú mi, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, mo ń bi í, ó ń dáhùn, mo ń kọ. Ó ní kí n máa gbé e síta bí mi ò bá ti ní dárúkọ òun. Mi ò ní dárúkọ báǹkì tí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ̀ bí ẹ̀wù náà, torí ọwọ́ wọn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti gba owó oṣù fún oṣù méje. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí láyé rẹ̀. Káàdì ATM ló ń lò, èyí tó ń yọ owó tó wà nínú àkáǹtì ẹni. Káàdì àwìn yàtọ̀ sí i: owó báǹkì lèèyàn ń ná, ìwé gbèsè á dé lóṣooṣù, bí èèyàn ò bá san gbogbo rẹ̀ tán lásìkò, èlé á gorí èyí tó ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí báǹkì fi máa ń wádìí ẹni tó fẹ́ gbà á. Gbogbo èyí ni àbúrò mi mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ta ló máa ń pe ta, kí ni wọ́n ń béèrè lákọ̀ọ́kọ́, kí ni wọn kì í béèrè títí láé. Ẹni tí kò dé ibì kan rí, ibikíbi tí wọ́n bá júwe fún un náà lọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé: fọ́ọ̀mù

Orí fóònù ló ti wá káàdì àwìn fún ẹni tí kò jẹ gbèsè rí. Èyí tó wà lókè pátápátá ló tẹ̀. Ìpolówó ni, ẹnì kan ló sanwó kí ó lè wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé: "Ó dájú pé a ó fọwọ́ sí i. A kì í yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè wò."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé òun ò ní àkọsílẹ̀ gbèsè kankan, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí èèyàn ṣe ń yáwó tó sì ń san án, tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Èmi náà kà á lẹ́yìn náà, mo sì bi í pé, "Ta ló ń yáni lówó tí kì í béèrè pé ọmọ ta ni ọ́?" Kò dáhùn. Lóòótọ́, ìbéèrè ẹni tó ti mọ òpin ìtàn ni.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà fóònù, ímeèlì, ibi iṣẹ́ àti iye owó oṣù. Kí n má parọ́, gbogbo rẹ̀ náà ni báǹkì gidi máa ń béèrè, nítorí náà kò sí bí èèyàn ṣe lè wo àwọn ìbéèrè náà kó mọ̀ pé wàyó ni. Ẹni tó ń béèrè ni nǹkan. Nísàlẹ̀ ojú ìwé náà lọ́hùn-ún, nínú lẹ́tà tó kéré bí èèrà, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kì í ṣe báǹkì, àti pé àwọn lè fi ohun tí ẹ bá kọ ránṣẹ́ sí "àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́". Ọjọ́bọ̀ ni àwa méjèèjì tó kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìpè

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Orúkọ báǹkì ńlá kan ló jáde lójú fóònù náà. Àbúrò mi kò sì rí ìdí kankan tó fi yẹ kó ṣiyèméjì, ṣebí orúkọ ló ń wò yẹn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ń jáde lójú fóònù wa nígbà tí ẹnì kan bá pè, ẹ̀rọ ẹni tó pè ló máa ń sọ ọ́, èèyàn sì lè mú kí ẹ̀rọ náà purọ́. Bí lẹ́tà ni: ẹni tó kọ ọ́ ló kọ orúkọ olùfiránṣẹ́ sẹ́yìn àpòòwé.

"Ẹ kú oríire o, mà. Wọ́n ti fọwọ́ sí káàdì yín."

Ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó dárúkọ àbúrò mi láṣepé, ó sọ ibi iṣẹ́ àbúrò mi, ó sọ iye tí àbúrò mi ń gbà lóṣù. Àbúrò mi ní òun wí lọ́kàn pé ẹni tó mọ gbogbo èyí, báǹkì ló máa jẹ́. Ó gbàgbé pé òun fúnra òun ló tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù lánàá.

Ibi tó wá ń ká mi lára jù rèé. Ọkùnrin yìí lo nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lórí fóònù, ó sì ń kọ́ ọ. Ó ṣàlàyé ohun tí òpin àwìn jẹ́, ìyẹn iye tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ ná kọjá. Ó ṣàlàyé èlé fún un. Ó ní kó má máa ná káàdì náà dé òpin rẹ̀, pé àwọn tó ń wo àkọsílẹ̀ gbèsè kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Ó tiẹ̀ kìlọ̀ fún un nípa àwọn oníjìbìtì: "Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní PIN yín o, mà. Àní èmi gan-an." Kò sì béèrè PIN náà lóòótọ́, títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Kò nílò rẹ̀.

Nígbà tí mo bi àbúrò mi pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ sọ fún mi, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Òun nìkan ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi." Mi ò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èmi tí mo ti ń lo káàdì àwìn fún ọdún mẹ́sàn-án, inú ilé kan náà la jọ ń gbé.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ló kan owó. Owó ètò wà, owó ìbánigbófò náà wà, kí káàdì tó lè jáde. Kó san án kí aago mẹ́rin tó lù, torí bí ọjọ́ náà bá kọjá, fáìlì rẹ̀ á ti, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Gbogbo owó náà sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Àkáǹtì tí wọ́n ní kó san án sí, orúkọ èèyàn kan lásán ló wà lórí rẹ̀. Ó béèrè, ọkùnrin náà sì ní ọ̀gá tó ń bójú tó fáìlì rẹ̀ ni, pé ọ̀nà yẹn ló yá jù. Ó fi owó náà ránṣẹ́ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Káàdì àwìn gidi lè ní owó ọdọọdún, kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń rí ni pé orí káàdì náà ni wọ́n ń kọ irú owó bẹ́ẹ̀ sí, èèyàn á sì rí i nínú ìwé gbèsè rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní FTC, ní òfin lórí títa ọjà lórí fóònù: ẹni tó bá fi dáni lójú pé èèyàn máa rí àwìn gbà kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí àwìn náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó ṣòfin náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi fọ́tò káàdì kan ránṣẹ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ fi hàn mí, ó ní òun kàn fẹ́ kí ògidì rẹ̀ kọ́kọ́ dé ni.

Mo wo fọ́tò yẹn dáadáa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí torí ó pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbànújẹ́. Àmì bọ́ọ̀lù méjì tó wọnú ara wọn, ti Mastercard, ló wà ní igun rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Kò sí káàdì Mastercard tó ń fi 4 bẹ̀rẹ̀. 5 tàbí 2 ni tiwọn ń fi bẹ̀rẹ̀. Visa ló ni 4. Ẹni tó ya fọ́tò náà mú orí ẹnì kan, ó fi lé ọrùn ẹlòmíì.

Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò síwájú. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn lára káàdì, wọn ò kàn mú un lásán. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, Hans Peter Luhn, ló ronú ìṣirò rẹ̀, ọdún 1960 ni wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Láti ọwọ́ ọ̀tún lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀: á fi nọ́ńbà kìíní sílẹ̀, á sọ èkejì di ìlọ́po méjì, á fi ẹ̀kẹta sílẹ̀, á sọ ẹ̀kẹrin di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Èyí tó bá ju 9 lọ nínú àwọn tó di ìlọ́po méjì, á yọ 9 kúrò nínú rẹ̀. Á wá ro gbogbo wọn pọ̀. Àròpọ̀ náà gbọ́dọ̀ parí sí òdo. Mo fi bírò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sẹ́yìn ìwé kan, 7 ló ń parí sí. Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé bó bá parí sí òdo, káàdì gidi nìyẹn o. Gbájúẹ̀ tó bá mọ ìṣirò á ṣe é kó parí síbẹ̀. Àwọn tiwa yìí kò tiẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu.

Ọjọ́rú sí Ọjọ́bọ̀: líǹkì àti kóòdù

Ní Ọjọ́rú, líǹkì kan dé nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kó lọ fìdí ara rẹ̀ múlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojúlé tó ṣí fún un jọ ti báǹkì náà bí ìbejì, àwọ̀ rẹ̀, àmì rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ó ya fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀, ó tún ya ìyẹn náà, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Mo ní kó fi àdírẹ́sì ojúlé náà hàn mí. Orúkọ báǹkì ló ṣáájú, ojú rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ilé. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ .com tàbí irú rẹ̀, kí èèyàn tó kan ìlà àkọ́kọ́ tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ (/) lẹ́yìn rẹ̀, òun ni onílé. Ohun tó bá wà níwájú ìyẹn, tí àmì ìdánudúró (.) ya wọ́n sọ́tọ̀, yàrá lásán ni, onílé sì lè sọ yàrá rẹ̀ ní orúkọ tó bá wù ú. Báǹkì náà kò ní ilé níbẹ̀. Yàrá kan ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè.

"Ṣùgbọ́n mo rí àgádágodo níbẹ̀," ni àbúrò mi wí, ìyẹn àwòrán kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Òótọ́ ló sọ, wọ́n sì ti kọ́ ọ níbi iṣẹ́ pé kó máa wá a. Àgádágodo yẹn kò sọ ju pé ẹlòmíì kò lè yọjú wo ohun tó ń lọ láàárín fóònù rẹ àti ojúlé náà. Kò sọ ẹni tó wà ní òdìkejì. Ẹnikẹ́ni ló lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, àtọdún 2015 tí àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ti ń pín in. Google fúnra rẹ̀ mú àmì àgádágodo náà kúrò nínú Chrome, ohun tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dún 2023 torí pé ó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ìlérí tí kò ṣe rí ni àwa ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Aago méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọkùnrin náà tún pè. Nǹkan kan ló kù, ó ní, kí àwọn so káàdì tuntun mọ́ àkáǹtì rẹ̀. Kó ka nọ́ńbà iwájú káàdì ATM rẹ̀, oṣù àti ọdún tó máa kú, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Ó kà á. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, ìgbà tí èèyàn bá ń rajà láìfi káàdì kan ẹ̀rọ ló wúlò. Ẹni tó fẹ́ fún ọ ní káàdì tuntun, kí ló fẹ́ fi ti ògbólógbòó ṣe?

"Kóòdù kan ń bọ̀ wá sórí fóònù yín báyìí, mà. Ẹ kà á fún mi, ká parí ẹ̀."

Mo wà nínú yàrá kejì. Mi ò gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, ohùn àbúrò mi ni mo gbọ́, ó ń ka nọ́ńbà síta, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí ọmọ ilé ìwé fi ń dá olùkọ́ lóhùn. Ẹyọ kan. Ẹyọ kejì. Nígbà tó fi máa ka ẹ̀kẹta, mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì ti gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Kò sáà sí nǹkan rere kan tí mo mọ̀ tó ń mú kí èèyàn ka nọ́ńbà mẹ́fà síta lórí fóònù lálẹ́.

Mo ní kó jẹ́ ká jọ ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Báǹkì rẹ̀ gidi, èyí tí owó oṣù rẹ̀ ń gbà wọlé, ló fi ránṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé kóòdù náà wà fún fífi káàdì rẹ̀ sínú fóònù mìíràn, fún ìsanwó, àti pé kó má fún ẹnikẹ́ni. Ó wà níbẹ̀ kedere. Àbúrò mi kò rí i, torí pé fóònù òde òní ti ń bá wa yọ nọ́ńbà jáde nínú àtẹ̀jíṣẹ́, á gbé e sókè gàdàgbà, á fi àwọn ọ̀rọ̀ tó kù pamọ́ sábẹ́. Nọ́ńbà nìkan ló rí. Bó bá ti ka mẹ́ta tó kù ni, káàdì rẹ̀ á ti wọ inú fóònù ọkùnrin yẹn, á sì máa fi fóònù náà kan ẹ̀rọ ìsanwó káàkiri, bí ẹni ń ná owó ara rẹ̀. Fóònù ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló máa ṣí láti fi sanwó. Ẹ rí ìdí tí kò fi wá PIN.

Ó tún pè lẹ́ẹ̀mọkànlá lálẹ́ ọjọ́ náà. A gbé ẹ̀kẹrin, ohùn tútù ti lọ. Ó ní àbúrò mi ti jẹ gbèsè, pé orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé àwọn ajẹgbèsè kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a dí nọ́ńbà náà, èyí tí kò wúlò púpọ̀, torí nọ́ńbà mìíràn ló tún fi pè.

Ohun tí a ṣe, àti ohun tí kò padà

Nọ́ńbà fóònù báǹkì tó wà lẹ́yìn káàdì ATM rẹ̀ ni mo pè, láti orí fóònù tèmi. Wọ́n ti káàdì náà pa lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó dá wa lóhùn sọ pé wọ́n ti fi nọ́ńbà káàdì náà gbìyànjú láti rajà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, méjèèjì ni kò bọ́ sí i torí pé wọ́n béèrè kóòdù. Lẹ́yìn náà, a yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì rẹ̀ padà, torí ọ̀dọ̀ ímeèlì ni gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó kù ti ń wá gba àtúnṣe. A ya fọ́tò ojú fóònù fún gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ torí kò fẹ́ rí i mọ́, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ fi ọ̀rọ̀ náà sun àwọn ọlọ́pàá, a sì gba ìwé tó fi hàn pé a wá. Ìwé yẹn wúlò lẹ́yìn náà ju bí mo ṣe rò lọ.

Owó tó san ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò padà. Báǹkì kọ̀wé sí báǹkì tó gbà á, wọ́n sì dáhùn pé kò pẹ́ wákàtí kan kí owó náà tó kúrò nínú àkáǹtì yẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí káàdì rẹ̀ ná ni, àwíjàre á rọrùn. Èyí tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ náà kò padà, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Èèyàn lè pààrọ̀ káàdì. Kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ ọjọ́ ìbí. A lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn, pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ yáwó. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni kéèyàn ti àkọsílẹ̀ rẹ̀ pa bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Equifax, Experian àti TransUnion láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Láwọn ibòmíì kan, àmì ìkìlọ̀ ni wọ́n máa ń fi sórí orúkọ ẹni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí a gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, a rí i pé ayánilówó kan tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an. Wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ wá owó. A fi ìwé àwọn ọlọ́pàá ránṣẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Àkọsílẹ̀ yẹn ló ti ń bà á lẹ́rù pé ó ṣófo. Ohun àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀, olè ló kọ ọ́.

Ní oṣù kejì, obìnrin kan pè é. Ó ní òun bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ tó ń gba owó àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì padà, ó mọ ọjọ́, ó mọ iye owó náà dé orí kọ́bọ̀, owó kékeré kan péré ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà láti ṣí fáìlì. Ẹni tó mọ iye tó sọnù bẹ́ẹ̀, yálà òun ló jí i, tàbí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó jí i. Wọ́n máa ń ta orúkọ ẹni tó ti kó sọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan fún ara wọn. Àbúrò mi gbọ́ "ṣí fáìlì", ó rẹ́rìn-ín, ó gé fóònù náà. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pẹ̀lú aago rẹ̀.

Báǹkì tó kọ̀

Ní oṣù kẹta, ó ní òun ṣì fẹ́ káàdì àwìn. Mi ò fẹ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ. A jọ lọ sí báǹkì tó ń gba owó oṣù rẹ̀, ó kọ fọ́ọ̀mù. Ibì kan ṣoṣo ni mo ní kó kọ ọ́ sí, torí ibi tí èèyàn bá ti béèrè máa ń fi ipa sílẹ̀ lára àkọsílẹ̀ rẹ̀, bí ipa náà bá pọ̀, ẹni tó wò ó á rò pé owó ti ń lé e kiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, lẹ́tà dé. Wọ́n kọ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó nǹkan.

Ojú rẹ̀ ro kókó. Èmi, ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn nìkan ló wo ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó dáhùn.

Lẹ́tà náà ní ọ̀nà mìíràn wà, káàdì tí èèyàn á fi owó dógò fún. Bí mo ṣe rí "kí ẹ kọ́kọ́ san", mo pariwo. Mo ní, "Ó tún ti dé!" Èmi ni mo ṣìnà lọ́tẹ̀ yìí. A padà lọ síbẹ̀, òṣìṣẹ́ kan sì fi sùúrù ṣàlàyé fún wa: owó ìdógò náà á wà nínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ àbúrò mi, ní báǹkì náà gan-an, iye tó bá fi dógò ni iye tó lè ná láwìn, bó bá pa káàdì náà tì láìjẹ gbèsè, wọ́n á dá a padà fún un. Báǹkì á máa jábọ̀ bó ṣe ń san án lóṣooṣù, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á sì máa kún. Mo ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí owó náà hàn mí. Mo wá orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Orúkọ àbúrò mi ni.

Káàdì náà dé nínú àpòòwé funfun kan, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Kò dán tó ti inú fọ́tò yẹn. Lẹ́tà tó bá a wá ní kó pe nọ́ńbà kan kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ mú káàdì ATM rẹ̀ tuntun, ó fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ wé ti inú lẹ́tà náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ó wá pè. Wọ́n ní kóòdù kan máa wọlé, kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má kà á fún ẹnikẹ́ni.

Kóòdù náà wọlé. Mo na ọrùn kí n lè wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè ná," ó wí. Ó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó ń kà á sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó dé orí nọ́ńbà.